Ìwé Pélébé Abẹ́ Tábìlì Màmá Hedvig

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ife kọfí yín kalẹ̀ díẹ̀. Pásítọ̀ ti gbà mí láyè láti sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ìjọ yìí, dókítà sì ti sọ fún mi pé ọkàn mi ò lè gbé mi dé ìgbà ooru. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ lójú gbogbo yín kí n tó kú, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Èmi Evert tí ẹ máa ń ránṣẹ́ pè pé kó wá wo àga ìyá yín bóyá ó níye lórí, olè ni mí. Olè nìkan kọ́, mo tún ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́.

Ẹ̀yin àgbà ò ní gbàgbé Màmá Hedvig, tí wọ́n kọ́ wa ní ìwé kíkà. Nígbà tí wọ́n kú, ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, Folke ọmọ àbúrò wọn ló jogún ilé, òun ló sì ní kí n wá bá òun yẹ ẹrù wò. Majlis, obìnrin ẹgbẹ́ mi, tó tọ́jú màmá náà fún ọdún mọ́kànlá, ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Ó bu kọfí fún mi, ó fi búrẹ́dì dídùn tì í, ó ní, "Evert, jẹun ná, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fojú jẹ ẹrù olóògbé." Mo rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ mí dáadáa.

Tábìlì ìkọ̀wé náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti ṣe é ní Stockholm: igi aláwọ̀ oyin, ẹsẹ̀ tín-ín-rín, kò sí iṣẹ́ ọnà kankan lára rẹ̀, dúrọ́ọ̀ mẹ́rin tó ń wọlé láìdún. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wá irú rẹ̀ kiri. Mo dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ kí n lè wo òǹtẹ̀ oníṣẹ́-igi lábẹ́ rẹ̀. Mo rí òǹtẹ̀ náà, mo sì rí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀ náà.

Ẹ mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ilé wo ló wà ní Småland níbí tí àgbàlagbà kì í ti lẹ orúkọ mọ́ abẹ́ àpótí tàbí ẹ̀yìn aago, kí ìjà má bàa bẹ́ lẹ́yìn òun? Èyí ní: "Ti Majlis ni, lẹ́yìn mi. Hedvig."

Ó yẹ kí n pe Folke. Ọ̀bẹ àpò mi ni mo yọ. Mo ṣí ìwé náà kúrò, mo tì í bọ àpò, àmọ́ ojú ibi tó wà mọ́ ju ìyókù lọ, ẹnikẹ́ni ló lè rí i. Mo ti aṣọ ìnujú mi bọ inú kọfí tí Majlis bù fún mi, mo sì fi ń pa ibẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ fi dọ́gba. Kọfí tó fi ṣe mí lálejò ni mo fi bo olè tí mo jà mọ́lẹ̀. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Mo jáde, mo ní kí Folke ta tábìlì náà fún mi, ó sì gbà lójú ẹsẹ̀. Ni Majlis bá wọlé, ó ń nu ọwọ́.

"Folke, ìyẹn ò ṣeé tà, tèmi ni. Ìwé rẹ̀ wà lábẹ́. Ìṣojú mi ni màmá ti lẹ̀ ẹ́."

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wò ó," ni Folke wí.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú tábìlì dé. Majlis wò ó títí, ó fi ìka kan ibẹ̀. "Folke, ibí yìí tutù." Folke na ọwọ́ tirẹ̀ náà.

"Èmi ni mo fi omi nù ún, kí n lè rí òǹtẹ̀," ni mo yára sọ.

Folke wá kọjú sí mi. "Evert, ìwọ lo mọ igi. Ṣé ìwé lè ti wà níbẹ̀ kó sì já bọ́?"

Ẹ gbọ́ o, ibi tó burú jù lọ nìyí. Ká ní mo dáhùn pé ó ṣeé ṣe ni, Majlis ì bá gba tábìlì rẹ̀, ǹ bá sì bọ́ láìtẹ́. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ìwé kankan ò kan igi yìí rí. Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, nígbà míì wọ́n á máa ka ẹrù onílé mọ́ tiwọn. Folke, ka ṣíbí fàdákà rẹ kó tó lọ." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Majlis wò mí, ó ní, "Evert, o mọ̀ pé mi ò purọ́."

Kí ọjọ́ Ìsinmi tó pé, gbogbo ìjọ ti gbọ́ pé ṣíbí sọnù. Ṣíbí kankan ò sọnù. Folke, o mọ̀ pé o ò kà wọ́n rárá. Kò sẹ́ni tó tún fún Majlis níṣẹ́ mọ́. Nínú gbọ̀ngàn yìí gan-an, bó bá gbé ife kọfí rẹ̀ bọ̀, àwọn obìnrin á fa báàgì wọn mọ́ra. Kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀, ó ti kó lọ sí Göteborg létí òkun, ó ń la ẹja fún owó.

Èmi gba tábìlì, àmọ́ kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Mi ò lè tà á, nítorí ẹni tó bá rà á yóò dojú rẹ̀ dé, á rí àmì kọfí náà. Ọkùnrin kan wá láti Stockholm lọ́dún kan, ó fẹ́ ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀, mo lé e jáde bí ajá. Bí ọmọ bá rá wọ abẹ́ rẹ̀, màá yára fà á jáde. Lóṣù tó kọjá ni ọmọbìnrin mi gbé ìwé àti gọ́ọ̀mù wá, ó ní, "Bàbá, ẹ kọ orúkọ wa sábẹ́ àwọn ẹrù yín." Mi ò lè kọ ẹyọ kan. Ta ni yóò bọ̀wọ̀ fún ìwé tèmi?

Mo wá nọ́ńbà fóònù Majlis, mo pè é, mo jẹ́wọ́ fún un, mo ní màá gbé tábìlì náà ránṣẹ́. Ó ní, "Kí ni kí n fi ṣe nínú yàrá kan ṣoṣo nílé àwọn arúgbó? Níbi tí ẹ ti pè mí lólè ni kó o ti sọ ọ́, kí n fi etí mi gbọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fi ọkọ̀ kiri abúlé wá àga àtijọ́, bí ẹ bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹrù òkú, tí ẹ rí orúkọ ẹlòmíràn níbẹ̀, ẹ ké jáde kí ẹ tó dìde nílẹ̀. Èmi ò ké. Majlis, dárí jì mí. Bí o ò bá sì lè ṣe é, mi ò ní bá ọ jà. Ẹ̀yin tó kù, ẹ má wojú mi mọ́. Èmi ni mo pa irọ́ náà, àmọ́ ẹ̀yin lẹ fi ogójì ọdún gbé e kiri. Majlis ló jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, kò tíì bọ́ kóòtù rẹ̀. Folke, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dìde lọ bá a.