Koríko Tí Iyọ̀ Pa

Nígbà tí èmi náà wà ní ọ̀dọ́, Táyọ̀, tí ara mi le bíi tìrẹ, kò sí obìnrin kan ní etí òkun wa yìí tó ń fi ọkọ́ kọ ebè. Ẹ gbọ́ mi o. Kò sí. Bùkọ́lá, ṣé fóònù yẹn ti ń gbọ́ mi? Gbé e súnmọ́ mi díẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun ń gbé ohùn lọ. Ìwọ lo ní kí n sọ ìtàn ayé àtijọ́ kí o lè mú un lọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ ní ilé ìwé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kó má rò pé torí mo kọjú sí fóònù, mi ò rí òun.

Táyọ̀, gbé ọmọ yẹn sí ọwọ́ kejì. Ọrùn rẹ̀ ti wọ́. Ẹ̀n-ẹ́n… bẹ́ẹ̀ ni.

Yanrìn ni ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin náà mọ̀. Bí o bá kọ ebè sí i, òjò kan ṣoṣo ni yóò tú u ká. Kí wá ni à ń ṣe? Koríko ni à ń tẹ́ bò ó. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ìyá tó bí mi yóò wa ọkọ̀ kékeré wọ inú odò lọ, lẹ́yìn abúlé, níbi tí omi ti dùn. A ó gé koríko gígùn, a ó sá a sórí afárá pákó, títí yóò fi gbẹ, tí yóò máa dún ṣàràṣàrà bí a bá tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà la ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀. Kì í ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ o! Ó gbọ́dọ̀ nípọn dé orúnkún. Ìyá mi á ní, "Bí mo bá ṣì ń rí yanrìn, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan."

A ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ á jẹrà, á dúdú, ekòló á wọ inú rẹ̀. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀, a ó fi ọwọ́ la koríko náà, a ó fi irúgbìn síbẹ̀, a ó pa á dé. Ó parí nìyẹn. Ata, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ilá, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ òyìnbó. Kò sí ríro oko. Èpò tó bá fẹ́ yọjú, koríko ti jókòó lé e lórí. Kò sí omi pípọn sí i. Ta ló ráyè? Àwa tí a ń yan ẹja láti àárọ̀ títí tí oòrùn fi ń wọ̀?

Ìyàwó tíṣà kan wà nígbà náà, ará òkè ni wọ́n. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà wa, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ṣé ewúrẹ́ lẹ fẹ́ tẹ́ ibùsùn fún ni, àbí adìyẹ lẹ fẹ́ kó yé ẹyin síbẹ̀?" Ìyá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ìyàwó tíṣà, ṣé ìwọ máa ń bọ́ra sílẹ̀ kí o tó jáde sínú oòrùn? Ilẹ̀ tèmi náà ń tijú." Ìyàwó tíṣà ní, "Ọ̀lẹ ni yín ní etí omi yìí!" Ìyá mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Wá gba ẹ̀fọ́ ọ̀lẹ, kí o fi se ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ." Ó sì gbà á! Ṣé o rò pé ó kọ̀ ọ́? Ó tún padà wá bèèrè fún ata.

Ìdí nìyẹn, Táyọ̀, tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí o fi obìnrin òyìnbó yẹn hàn mí nínú fóònù rẹ. Ó jókòó sórí àga, ó ń ju koríko gbígbẹ sílẹ̀, ó ní òun ò kọ ebè, òun ò ro oko, ó sì ń ká tòmátì. Mo ní, ta ló mú ìyá mi dé ìlú òyìnbó? Ẹ̀rín yẹn lo rí tí o fi rò pé mo ti gbà. Mi ò gbà o.

Bùkọ́lá, ìwọ ò mọ ohun tó wà nílẹ̀, torí àná lo dé. Ọkọ Táyọ̀ ti rí iṣẹ́ ní èbúté Igbókọ̀dà. Ó ti gba yàrá. Ó ní kí ìyàwó òun gbé ọmọ tuntun yìí, kí ó máa bọ̀. Ìwọ náà ṣáà rí bí ibí ṣe rí nígbà tí ọkọ̀ gbé ọ dé. Ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì wa wà tẹ́lẹ̀, omi ni. Ilé tí wọ́n ti ń di irun fún yín ní kékeré, omi ni. Tí òkun bá kún báyìí, ó ń wọ abẹ́ ilé yìí, ó ń ti àwọn òpó bí ẹni ń dán wọn wò. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun ò lọ. Ó ní òun á dá ọgbà sẹ́yìn ilé, òun àti ọmọ òun á máa jẹ níbẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò sì ti gbọ́. Kí Ọlọ́run bù kún wọn. Wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi kó koríko wá fún un. Òun nìyẹn nísàlẹ̀, lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Ó fẹ́ tẹ́ ẹ lọ́la.

Táyọ̀, má tẹ́ ẹ. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Àṣà wa ni. Bí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ wa yìí, kì í ṣe aṣọ la kọ́kọ́ ń gbé lọ bá a. Koríko ni. A ó bá a tẹ́ ọgbà rẹ̀, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí ó jókòó, kí ó fún ọmọ lọ́mú, kí ilẹ̀ máa bọ́ ọ. Ó dára, àbí kò dára? Ó dára gan-an ni. Mi ò tíì rí àṣà tó dára jù ú lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi Ọmọ́wùmí bímọ. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ó ti kú kí wọ́n tó bí yín. Ọkọ rẹ̀ ti bá àwọn apẹja lọ sí ọ̀nà Kamẹrúùnù. Ọmọbìnrin ló bí, Jọlá. Ọmọ tó dúdú, tó ń dán. Bí a bá ń yan ẹja, tí epo ẹja bá ta sínú iná, tí ó dún ṣàà, Jọlá á rẹ́rìn-ín. Nítorí ìyẹn nìkan, a máa ń yan ẹja kí a lè gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Àkókò yẹn náà ni omi yí padà. Wọ́n ti la ọ̀nà kan láti ojú òkun wọ inú odò wa, kí ọkọ̀ ńlá lè máa kọjá. Ta ló là á? Kí ni mo mọ̀? Àwọn tó là á kò gbé ibí. Ọ̀nà tóóró ni nígbà tí wọ́n là á. Òkun ló fẹ̀ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kejì, títí ó fi di ẹnu. Omi iyọ̀ wọlé. Omi tí a ń bù mu di ohun tí a ń tu dànù. Ẹja odò ń léfòó. Koríko etí odò… ẹ gbọ́… koríko etí odò kú lórí ìdúró. Gbogbo rẹ̀ gbẹ láìjẹ́ pé ẹnì kan gé e. Ó funfun lọ bẹẹrẹ, bí irun arúgbó.

Kí lẹ rò pé àwọn obìnrin wa ṣe? Wọ́n yọ̀! Wọ́n ní Ọlọ́run ti bá wa sá koríko ti ọdún yìí. Kò sí pé à ń gé tútù, kò sí pé à ń sá a sórí afárá, tí òjò á tún pa á. Gbígbẹ ni, kí o ṣáà máa fà á. Ìyá Sáńdè, obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kígbe sí Ọmọ́wùmí láti inú ọkọ̀ pé, "Orí rẹ dára, ìwọ ìyálọ́mọ! Tìrẹ ti gbẹ dè ọ́!" Ọkọ̀ ń tẹ̀lé ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn Ọmọ́wùmí jù ló gbé wá jù. Wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n tẹ́ ẹ, ó kọjá orúnkún, ó dé itan. Ọmọ́wùmí wà lókè ilé, ọmú wà lẹ́nu ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ ti fẹ́ sin ilé mi!"

Ìyá mi náà wà níbẹ̀. Òun náà ò mọ̀. Ta ni ì bá mọ̀? Láti ìgbà tí ayé ti dáyé, koríko gbígbẹ ni koríko gbígbẹ.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Bó ti ń rọ̀ ni ó ń fọ iyọ̀ ara koríko náà wọ inú ilẹ̀. Ẹ̀fọ́ hù, etí ewé rẹ̀ jó bí ìgbà tí iná rà á. Ó kú. A tún un gbìn. Ó kú. Ìbẹ́pẹ tó ti ń so tẹ́lẹ̀ wọ́ gbogbo ewé rẹ̀ dànù. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin ṣe. Wọ́n ní koríko náà ni kò tó! Wọ́n ní oòrùn ló ń wọlé. Wọ́n tún lọ kó òmíràn wá.

Ẹja ti lọ. Ọkọ̀ tó ń gbé pùpùrú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, wá láti òkè kò wá déédéé. Gbogbo ilé ló ń wá oúnjẹ, ìyálọ́mọ á ṣe rí ju ti ẹlòmíràn lọ? Ọmú Ọmọ́wùmí gbẹ. Irun Jọlá pọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. A kò gbọ́ ẹ̀rín mọ́. A gbé e sínú ọkọ̀, a kọjú sí ilé ìwòsàn ní Igbókọ̀dà. Kò sí ẹ́ńjìnnì nígbà náà, àjẹ̀ ni. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀. Ọmọ́wùmí jókòó síwájú mi, ó ń mi ọmọ lórí itan, ó ń kọrin jẹ́jẹ́. Mo ní lọ́kàn mi pé, a dúpẹ́, ọmọ ti sùn. A gúnlẹ̀. Mo na ọwọ́ pé kí ó gbé ọmọ fún mi kí òun lè jáde. Ó ní, "Fi í sílẹ̀, àbúrò mi. Ó ti tutù láti ìgbà tí a ti kọjá Ugbónlà."

Ó ti mọ̀. Kò sọ. Ó ń kọrin fún un lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mí.

Nígbà tí wọ́n wá bá a kẹ́dùn, gbogbo àwọn obìnrin yẹn jókòó sórí koríko nínú ọgbà náà. Ìyá Sáńdè fa igi koríko kan, ó fi sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lásán. Ó dá dúró. Ó fa òmíràn, ó tọ́ ọ wò. Mo rí ojú rẹ̀. Ó ní, "Iyọ̀ ni. Ẹ gbà mí o… iyọ̀ ni a gbé wá fún un." Gbogbo wọn ń fa koríko, wọ́n ń tọ́ ọ wò, wọ́n ń figbe ta. Ọmọ́wùmí ló tún ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́. Ẹ fẹ́ràn mi ni." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí ènìyàn bá gbé nǹkan wá fún un, kódà bó jẹ́ ọsàn kan, á ti ilẹ̀kùn. Títí ó fi kú.

Bùkọ́lá, sọ̀ kalẹ̀ lọ fa igi kan wá nínú èyí tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Fi sẹ́nu. Jẹ ẹ́… Kí ló dé tí o fi tu ú dànù? Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi kọ́ ni kí o sọ fún.

Ṣé o gbọ́, Táyọ̀? Ní etí omi níbí, níbo ni wọ́n tún ti fẹ́ rí koríko tí òkun kò tíì fọwọ́ kàn? Òyìnbó inú fóònù yẹn kò parọ́. Ìyá mi náà kò parọ́. Ilẹ̀ wọn àti ilẹ̀ wa ló yàtọ̀. Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin yẹn dáadáa, kí o sì sọ fún wọn ohun tó wà lára koríko náà. Má fi ìtìjú pa á mọ́ra. Aboyún kan wà ní àdúgbò yìí, wọn á kó o fún òun náà.

Lẹ́yìn náà, di ẹrù rẹ. Bá ọkọ rẹ lọ. Má jẹ́ kí n tún rí irú…

O ní kí ni? Sọ ọ́ sókè, mi ò gbọ́.

…

O ní, "Màmá, ṣé ẹ rò pé koríko ló dá mi dúró?"

Mo gbọ́. Mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tí o ti bímọ. Èmi ni. Èmi tí mò ń sọ pé mi ò lè sùn níbi tí omi kò bá ti máa dún lábẹ́ ilé. Èmi tí mò ń sọ pé mi ò ní fi bàbá yín sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òkun ti gbé ibojì rẹ̀ lọ lójú mi. Kí ni mò ń ṣọ́? Bí mo bá jókòó síbí, ìwọ á jókòó tì mí, ọmọ yìí á jókòó tì ọ́. Bí a ṣe máa ń fi ìfẹ́ pa ara wa ní ilẹ̀ yìí nìyẹn.

Láyé àtijọ́, ọmọ ló ń gbọ́ràn sí ìyá lẹ́nu tí ó bá ní kí ó kúrò níbi ewu. Ayé ti wá yí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di pé kí ìyá kọ́kọ́ dìde.

Ó dáa. Pe ọkọ rẹ. Sọ fún un pé kì í ṣe ẹni méjì ni yóò bá ní èbúté. Èmi náà ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó bá mi wá yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò kọjú sí omi. Mi ò fẹ́ máa rí i mọ́.