Àgbàdo Tí Mo Bọ̀ Kí Wọ́n Tó Gbìn Ín

"Èmi ni ewúrẹ́ yẹn ń wò!"

"Irọ́ ni! Ògiri ló ń wò. Kí ló fẹ́ wò lára ẹ?"

Bí èmi àti Akínwándé ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjà nìyẹn, níwájú ilé ìwé abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà. Àwa méjèèjì la jọ ń kọ́ṣẹ́ tíṣà níbẹ̀ nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun pẹ́ jù, ẹ jẹ́ n bì í síta.

Ìjà ewúrẹ́ di ìjà ìwé. Akínwándé ní, "Ọmọ àgbẹ̀ làwọn ọmọ yìí. Ìwé ló yẹ kó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe gbin àgbàdo ju baba wọn lọ."

Mo ní, "Òpè! Kí wọ́n lè sá fún ọkọ́ ni wọ́n ṣe ń kàwé!" Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ o, èmi tí ìdánwò ti lé jáde nílé ìwé gíga.

Akínwándé kó àwọn ọmọ lọ kọ ebè àgbàdo. Mùsílímátù ló mọ̀wé jù nínú wọn. Baba ẹ̀ wá dúró tì wá, ó ní, "Ẹ̀yin tíṣà, bí àgbàdo yín bá hù, kí ọmọ mi máa bọ̀ nílé ìwé. Bí ò bá hù, ó ń bá ìyá ẹ̀ ta ata nìyẹn."

Èmi ìkà yìí, nígbà tí Akínwándé lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀, mo bọ gbogbo irúgbìn àgbàdo ẹ̀, mo sá a gbẹ, mo dá a padà sínú igbá. Mo tiẹ̀ jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Iyọ̀ ló kù.

Wọ́n gbìn ín. Òjò rọ̀, koríko hù, ẹ̀wà tẹ́nikẹ́ni ò gbìn hù. Àgbàdo kọ̀. Akínwándé kúnlẹ̀ ti ebè, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí ìyàwó tó ń bínú. Àwọn ará abúlé ní, "Tíṣà sìnkú àgbàdo! Ọlọ́hun á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere!" Èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù.

Àfi ìgbà tí baba Mùsílímátù gba síléètì lọ́wọ́ ẹ̀, tó gbé e ka iwájú mi. Ọmọ náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Bí mo bá jẹ́wọ́, Akínwándé borí nìyẹn. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn burú ju bíbọ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan báyìí, lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo pàdé Mùsílímátù ní Mọ́níyà, igbá ata lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ó ṣì kúnlẹ̀ kí mi: "Ẹ káàárọ̀, tíṣà." Mùsílímátù, foríjì mí. Ẹ̀yin tíṣà tó ń bọ̀, ẹ má fi ọmọ ọlọ́mọ jiyàn.

Mo lọ jẹ́wọ́ fún Akínwándé, tí wọn ò tíì fún ní sátífíkéètì dòní nítorí àgbàdo tó kọ̀ yẹn. Ó fò sókè. "Mo mọ̀! Kò sóhun tó ṣe irúgbìn mi! Èmi ni mo jàre!"

Mo ní, "Mùsílímátù ńkọ́?"

Ó ti dé fìlà, ó ń súfèé lọ. Ó kàn yíjú padà lójú ọ̀nà, ó ní, "Ògiri sì ni ewúrẹ́ yẹn ń wò!"