Orúkọ Tí Wọ́n Sọ Rúùtù

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa láti Ùsì, mo gbọ́ tí màmá kan ń sọ fún ìyàwó ilé kan tó jókòó tì í pé:

"Rúùtù ni mo sọ ọmọ mi, kó má baà fi mí sílẹ̀. Orúkọ a máa roni. Ó relé ọkọ tán, ẹ̀bà ni mò ń jẹ. Apá mi ò gbé ọmọ odó mọ́."

"Ha, màmá! Ìyá ọkọ ni Rúùtù inú Bíbélì tẹ̀ lé o. Ó fi ìyá tó bí i sílẹ̀ ni."

Màmá náà mí kanlẹ̀. "Ìyá ọkọ ọmọ mi ń gbádùn rẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ ro ó, àmọ́ ulé ẹlòmíràn ló ti ro ó."

Ulé ẹlòmíràn, ilé ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi.

Màmá yíjú sí ìyàwó náà. "Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ta ló ń gúnyán fún ìyá rẹ?"

Ìyàwó yẹn kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Ayégbajú.