Lẹ́tà inú férémù Bọ̀dá Mùtíù

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pè mí ní ìkà. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ọdún mẹ́ta. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́fà kan tó wà ní kíláàsì mi ló jẹ́ kí n máa sọ ọ́ báyìí.

Tíṣà ni mí, ọmọ Èkìtì, Agége ni mo ń gbé. Nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èmi àti Bọ̀dá Mùtíù jọ ṣe ìwé kọ́míìkì kan. Alápatà ni wọ́n ní Oko Ọba. Ilé kéú nìkan ni wọ́n lọ, wọn kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi bírò ya màlúù, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sá fún ìwo rẹ̀. Wọ́n á ya ènìyàn tó lanu, wọ́n á fi àyè funfun sílẹ̀ lókè orí rẹ̀, wọ́n á ní, "Tíṣà, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu." Èmi á wá kọ ọ́. A ṣe fótókọ́pì rẹ̀, ìyàwó wọn sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an pọ̀.

Lẹ́tà kan tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ wá láti Ìkejà. Àwọn tó ń ya kọ́míìkì, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn, fẹ́ pàtẹ ìwé wọn nínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n ní kí àwa méjèèjì wá. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n mo ro ti àwọn ọ̀mọ̀wé tí yóò wà níbẹ̀, mo ro ti òórùn ẹran tí kì í kúrò lára Bọ̀dá Mùtíù bó ti wù kí wọ́n wẹ̀ tó. Ojú tì mí. Sátidé ló wà nínú lẹ́tà. Nígbà tí mo kà á fún wọn nídìí àtẹ ẹran, Sọ́ńdè ni mo pè é.

Èmi nìkan lọ ní Sátidé. N kò pàtẹ ìwé rí láyé mi, mo kàn to tiwa sórí tábìlì. Àwọn èèyàn ń ṣí i, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí màlúù yẹn. Ọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé ọmọdé jáde dúró pẹ́. Ó ní òun ń wá ẹni tó lè yàwòrán báyìí, ibo ni ayàwòrán náà wà? Ẹ̀rù bà mí pé bí wọ́n bá pàdé, irọ́ mi yóò tú. Mo ní Bọ̀dá Mùtíù ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wọn, pátápátá. Ọkùnrin náà mi orí, ó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó fipá mú mi.

Ní Sọ́ńdè, Bọ̀dá Mùtíù wọ aṣọ ọdún wọn, wọ́n mú ìyàwó àti ọmọ dání, wọ́n lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló máa ń lo gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Inú oòrùn ni wọ́n dúró sí títí ìsìn fi parí. Nígbà tó yá, wọ́n wá bá mi nílé.

"Tíṣà, àwọn onígbàgbọ́ la bá níbẹ̀ o. A ò rí ẹ̀yin náà. Ṣé kò sí nǹkan?"

Mo ní àwọn tó pè wá ti wọ́gi lé ìpàtẹ náà, pé n kò rí ẹni rán sí wọn.

"Ó ti tán náà. Wọ́n ṣáà pè wá. Ẹ jẹ́ kí n gba lẹ́tà yẹn, kí n gbé e kọ́ sára ògiri."

Mo fún wọn, nítorí mo mọ̀ pé wọn kò lè kà á. Ó wà nínú férémù ní pálọ̀ wọn títí dòní. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ya nǹkan mọ́. Gbogbo Iléyá ni wọ́n sì ń fi ẹran ránṣẹ́ sí mi.

Ràmọ́tà, ọmọ tí wọ́n mú dání lọ́jọ́ náà, ló wà ní kíláàsì mi báyìí. Orí rẹ̀ pé. Ara bọ́ọ̀sì, ara páálí ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń kà. Bàbá rẹ̀ sọ fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín pé, "Tíṣà, òun ló máa ka lẹ́tà wa fún mi." Orúkọ ọjọ́ méje inú ọ̀sẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ló kàn nínú ìwé kíláàsì wa. Mo ti fo ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Lánàá, Ràmọ́tà gbé ìwé náà wá bá mi.

"Àǹtí, ẹ ò tíì kọ́ wa ní ibí yìí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ kúnlẹ̀ níwájú Bọ̀dá Mùtíù kí ọmọ wọn tó kà á? Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Mo ti sọ fún ọmọ náà pé a máa kọ́ ọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.