Olóore Abúlé

Ẹ̀yìn tọkọtaya kan ni mo tò sí níbi tí wọ́n ti ń ta gáàsì l'Ajah. Ìyàwó ń fẹsẹ̀ ti sílíńdà síwájú, ọkọ tẹjú mọ́ ẹ̀rọ géèmù kékeré kan.

"Dádì, kí lẹ ń ṣe gan-an?"

"Ewúrẹ́ ìyá àgbà kan ló sọnù, mò ń bá a wá a. Géèmù tí mo fi ṣeré ní kékeré nìyí o! Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un gbé jáde ni."

"Ṣé ẹ ò rí ewúrẹ́ náà nígbà yẹn ni?"

"Mo rí i."

"Ìyá náà wá tún sọ ọ́ nù?"

"Kò yé ẹ. Gbogbo ilé tó wà lábúlé yìí ni mò ń wọ̀. Màá bèèrè wàhálà wọn, màá bá wọn yanjú ẹ̀."

Ìyàwó pòṣé. "Ẹ kú iṣẹ́ o, olóore abúlé!"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Olóore abúlé!

"Màmá yín ní Awoyaya ńkọ́, tí òrùlé wọn ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì? Wọ́n pè yín títí, ẹ ní ọwọ́ yín dí. Àbí kí n ní kí Màmá náà wọnú géèmù yẹn, bóyá ẹ máa dá wọn lóhùn?"

Mo rò pé ojú á tì í. Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Mo ti rí ewúrẹ́ náà," ló wí.