Ohun Tí Mo Ṣe sí Rowena Mudge ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Lenswood

Ẹ̀yin ará, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí àwọn tó dúró síta wọlé jókòó. Ohùn mi kò lágbára mọ́, n kò sì ní lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní kí èmi Fergus Treloar wá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wa bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lórí àwọn òkè yìí. Ẹ̀kọ́ tí mo ní kò pọ̀, kò sì dùn. Àrùn jẹjẹrẹ ti mú mi lẹ́dọ̀, àwọn dókítà sì ti sọ òótọ́ fún mi pé n kò ní rí ìkórè ápù tó ń bọ̀. Ó tó àkókò kí n pọ ohun tó wà nínú mi. Gbogbo yín lẹ gbọ́ ìtàn bí Klaus Noske ṣe fi ọkọ̀ pa Rowena Mudge. Ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Irọ́ ni mo pa fún yín.

Kí ẹ tó lè mọ bí mo ṣe dé ibi tí mo dé, ẹ ní láti mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà náà. Ìgbéraga ló ń gun kẹ̀kẹ́, èmi kàn wà lórí rẹ̀ ni. Èmi àti Angus Penhall, ọ̀rẹ́ mi, la jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá wá sọ́dọ̀ wa láìfá irun ẹsẹ̀ bí àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje ṣe máa ń fá a, Angus á pariwo pé, “Ta ló tú ewúrẹ́ sílẹ̀?” Bí ìbọ̀sẹ̀ rẹ bá gùn jù, tàbí kó kúrú jù, a ó fi ọ́ ṣẹlẹ́yà títí kọfí yóò fi tán nínú ife. Bí a bá wà lójú títì, a ó tẹ́ rẹrẹ láti etí kan dé ìkejì. Bí awakọ̀ bá fọn fèrè, a ó na ìkúùkù sí i, a ó ní, “Ọ̀nà bàbá ta ni?” Bí ẹni pé bàbá tiwa ló la ọ̀nà náà!

Àárọ̀ Sátidé kan ni Rowena kọ́kọ́ wá. Olùkọ́ orin ni nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní Lobethal, ó sì jù wá lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wúwo bí ilẹ̀kùn irin, agbọ̀n wà níwájú rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó ń tàn yòò bí ọsàn pípọ́n, ó sì so dígí kékeré mọ́ akoto orí rẹ̀ láti máa fi wo ẹ̀yìn.

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi,” ló wí. “Ṣé ibí ni wọ́n ti ń kó ara wọn jọ gun kẹ̀kẹ́?”

“Ibí ni, màmá,” Angus dáhùn. “Àmọ́ ẹ ti ṣìnà. Ọjà tí ẹ fẹ́ lọ ná wà lọ́hùn-ún.”

A bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí agbọ̀n, ó sì gé kéèkì fún gbogbo wa. A jẹ kéèkì rẹ̀ o. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, orúkọ tí a sọ ọ́ ni Ìyá Alágbọ̀n.

A rò pé ó máa sú u. Kò sú u. Ohun tó tilẹ̀ ń bí mi nínú jù ni bó ṣe ń ṣe sí àwọn awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn, yóò wo dígí rẹ̀, yóò ní, “Ẹ jẹ́ ká tò lẹ́yìn ara wa kó lè kọjá, ó níbi tó ń lọ.” Bí ọkọ̀ náà bá kọjá tán, yóò juwọ́ sí i. Klaus Noske, tó máa ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó ápù láti oko rẹ̀, ló máa ń juwọ́ sí i padà jù. Mo máa ń bi í pé, “Àbí àlè rẹ ni, màmá?” Yóò ní, “Èèyàn ni, Fergus. Èèyàn ló wà nínú ọkọ̀ yẹn.”

Noske fúnra rẹ̀ ti bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ó dá ọkọ̀ dúró níwájú ilé kọfí tí a ti máa ń pàdé, ó ṣí fìlà, ó ní, “Fergus, mo bẹ ẹ̀yin ọmọ yìí. Bí ẹ bá tẹ́ rẹrẹ ní kọ́nà òkè Lenswood, n kì í rí yín àfi bí mo bá dé ẹ̀yìn yín tán. Ẹ̀rù yín ń bà mí.”

Mo ní, “Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, Bàbá Noske, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn.”

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́ fún mi. Bàbá náà dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Ẹ wo irú ọmọ tí mo jẹ́.

Oṣù kẹrin ni, ìgbà ìkórè. A ń gun òkè Lenswood, mo sì wà níwájú bí ìṣe mi. N kò sùn dáadáa ní òru àná rẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì ń wúwo, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ fún? Mo kàn gbọ́ tí ẹnì kan ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Rowena ni, lórí kẹ̀kẹ́ alágbọ̀n rẹ̀. “Pẹ̀lẹ́ o, Fergus,” ló wí, ó sì kọjá lára mi. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Àánú mi ló ṣe é, ìyẹn gan-an ló gún mi lọ́kàn. Angus figbe ta lẹ́yìn: “Fergus! Ìyá Alágbọ̀n ti já ọ sílẹ̀ o! Ṣé kó dúró kó gbé ọ sínú agbọ̀n ni?” Ẹ̀rín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tẹ̀ lé mi dé orí òkè. Etí mi gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Bí mo bá rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, bí mo bá kàn sọ pé, “Màmá, ẹ kúuṣẹ́,” ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, mo sáré bá a. Apá òsì títì la ń gbà níbí; mo gba apá òsì rẹ̀ wọlé, ó sì di pé òun ló wà ní ìhà àárín títì. Angus wà lẹ́yìn wa, àwọn yòókù jìnnà. Ni mo bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ akẹ́rù, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Rowena wo dígí rẹ̀. “Noske ni. Fergus, jẹ́ kí n bọ́ sẹ́yìn rẹ.” Ó dẹ eré, èmi náà dẹ eré. Ó ní, “Ó dáa, jẹ́ kí n bọ́ síwájú.” Ó tẹ kẹ̀kẹ́, èmi náà tẹ̀ ẹ́. “Fergus, jọ̀ọ́. Eré kọ́ nìyí.” Noske ń tẹ̀ lé wa, ó ní sùúrù títí ọ̀nà fi tọ́. Nígbà náà ló gba apá kejì títì lọ pátápátá, tó fi jẹ́ pé inú koríko ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ ọ̀tún wà. Ojú mi yìí ló rí i. Rowena fẹ́ yà wọ àyè tó wà níwájú mi. Mo na èjìká mi, mo sì fi gbá a.

Mo fẹ́ kí ẹ̀rù bà á ni. Mo fẹ́ kó gbọ̀n, kó lọ sílé, kó má wá mọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé n kò fẹ́ kó kú, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kò dí ohun tí mo ṣe lọ́wọ́. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yẹ̀, ó sì gba inú títì kọjá. Kò kígbe. Orúkọ mi ló pè, “Fergus,” bí olùkọ́ ṣe ń pe ọmọ tó ba orin jẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ló gbà á.

Noske bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀ bò ó. Ó kúnlẹ̀, ó ń wò mí, ó ń sọ pé, “Mo fún yín láyè. Ṣebí mo fún yín láyè?” Angus ti rí gbogbo rẹ̀. Ó fà mí sẹ́yìn, ó ní, “Pa ẹnu rẹ mọ́. Bí wọ́n bá gbọ́ pé àárín ara wa ló ti ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ tú nìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì ni fún ọ.” Nígbà tí ọlọ́pàá dé, mo ní, “Ó sún mọ́ wa jù. Kò tilẹ̀ fọn fèrè.” Angus ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Noske ṣẹ̀wọ̀n. Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, ó ta oko rẹ̀, àwọn kan sì kọ “Apààyàn” sára géètì rẹ̀. Èmi ńkọ́? Èmi ni mo kun kẹ̀kẹ́ ní ọ̀dà funfun tí mo gbé e sí ibi tí Rowena kú sí, láti fi ṣe ìrántí rẹ̀. Èmi ni mo dúró níbẹ̀ tí mo ń bú àwọn awakọ̀ aláìláàánú, tí àwọn èèyàn ń sunkún. Láti ọjọ́ náà ni àwọn oníròyìn ti ń wá mi wá. Orí òkú obìnrin tí mo pa ni mo gùn kí n tó di gbajúmọ̀. Angus kò gun kẹ̀kẹ́ mọ́, kò sì sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Noske ní Gumeracha, nílé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ó ti darúgbó gan-an. Kí n tó ya ẹnu, ó di ọwọ́ mi mú.

“Fergus, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ní kóòtù, mo ní mo fún yín láyè. Mo ti rò ó, mo tún un rò. Ẹ̀yin méjì lẹ rí i, ẹ kò lè jọ purọ́. Mo máa ń rí ọwọ́ ara mi lójú àlá, tó ń yí ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Dárí jì mí, ọmọ mi. Mo ba ìwọ náà láyé jẹ́.”

Ẹ̀yin ará mi, mo ti gba abẹ́rẹ́, wọ́n ti la inú mi, kò sí èyí tó dùn mí tó gbólóhùn yẹn. Mo wólẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Ó ṣì di ọwọ́ mi mú, ó bi mí pé:

“Ṣé mo fún yín láyè?”

“Ẹ fún wa láyè, Bàbá. Gbogbo títì lẹ fún wa.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, “Ìyàwó mi kú, ó gbà pé apààyàn ni mo jẹ́. Ta ni yóò lọ sọ fún un?” Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi, ó ní kí n máa lọ.

Mo ti sọ fún ọlọ́pàá. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n Rowena pẹ̀lú, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú; ó jàre. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rín tí a fi rín obìnrin náà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé ló dàgbà tó di ikú rẹ̀. Ẹ ṣọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu yín. N kò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀ jù. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Bí ẹ bá jáde níbí, ẹ lọ sí Gumeracha, ẹ sọ fún Klaus Noske pé gbogbo ẹgbẹ́ ti gbọ́ pé kò pa ẹnikẹ́ni. Etí rẹ̀ ti ń dí. Ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ sókè.