Ibi Tí Mo Ti Rí Ẹ̀gbọ́n Mi Olóúnjẹ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ bá mi fara dà á bí ẹkún bá gbà mí lẹ́nu. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, lẹ́yìn àdúrà ààwẹ̀ wa. Gbogbo yín ti lọ sílé, èmi nìkan ló kù lórí ẹní níwájú pẹpẹ. Mo gbórí lé Bíbélì mi, oorun sì gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Dìde, jẹ́ ká lọ." Ojú ẹsẹ̀ ni mo bá ara mi nínú ìlú kan tí atẹ́gùn ibẹ̀ tura. Lábẹ́ igi kan, mo rí Bàbá Ẹlẹ́wà àdúgbò wa tó ti kú, àwọn tó jẹ́ pé inú abọ́ kan náà làwọn àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti ń jẹun. Wọ́n jókòó, wọ́n nasẹ̀, àwọn áńgẹ́lì ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Mo ní kí n jókòó díẹ̀. Amọ̀nà mi fà mí lọ́wọ́, ó ní, "Kì í ṣe èyí ni mo tìtorí ẹ̀ mú ọ wá."

Bí a ṣe ṣẹ́rí padà báyìí, ooru ni! Mo rí iná, mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n so pọ̀ tí wọ́n ń ṣépè fún ara wọn, mo rí ọ̀gá kan tó máa ń fi èépá oúnjẹ tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò bọ́ ọmọọ̀dọ̀, èépá náà ń jó o lẹ́nu kò sì lè tu ú dànù, mo ń sá, mo ń ké, ibi tí mo bá sá sí iná ni, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn kan tí mo mọ̀ dáadáa tó ń pè pé, "Oúnjẹ ti jinná o! Ẹ wá jẹun o!"

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá Tọ́lá tó ti dolóògbé, olóúnjẹ ìdí ọjà pákó, àwọn tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa.

Wọ́n dúró nídìí ìkòkò ńlá, ọwọ́ wọn ti bó yánnayànna. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ń bu ìrẹsì fún wọn, kálukú ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìrẹsì náà á sì di ẹyin iná lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n á tún bu òmíràn.

"Kí ni wọ́n ṣe?" ni mo bi amọ̀nà.

"Irọ́ ló pa. Bi í fúnra rẹ."

Ẹ mọ Ṣadé. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á síṣẹ́ láti abúlé, tí wọ́n kọ́ ọ ní oúnjẹ sísè. Ṣadé mọ oníbàárà tí kì í jẹ ata, ó mọ èyí tó fẹ́ràn ẹ̀wà ju ìrẹsì lọ, kò sì sẹ́ni tí kì í bu ènì fún. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán, ẹ̀gbọ́n mi ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un lójú àwọn onípákó. Wọ́n gbọ́wọ́ lé e lórí, wọ́n ní, "Ibikíbi tó o bá gbé ìkòkò kaná, èrò á wọ́ tọ̀ ọ́." A ṣàmín. Kò pẹ́ sígbà náà la bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé Ṣadé ní ikọ́ ife. Kò sẹ́ni tó yà sí ìsọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí mọ́, ìsọ̀ náà sì kógbá wọlé.

"Àbúrò mi," ẹ̀gbọ́n mi ń sunkún, "ara Ṣadé le. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn síta. Ẹ̀rù bà mí pé gbogbo oníbàárà mi á bá a lọ. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí ẹ̀ tí mo ń wúre, mo ti ń ro ohun tí màá sọ lẹ́yìn ẹ̀. Bá mi bẹ̀ ẹ́."

Mo dì mọ́ amọ̀nà lẹ́sẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Tí Ṣadé bá dárí jì wọ́n, ṣé ẹ máa tú wọn sílẹ̀?"

Ó wò mí tàánútàánú. "Ìgbà tó wà láyé nìyẹn ì bá ṣe é láǹfààní. Ṣadé ni kó o lọ tú sílẹ̀."

Mo nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ mi ò tó wọn. Igbe ara mi ló jí mi.

Ará, ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwọ tó o ba ọmọ ẹlòmíì lórúkọ jẹ́ torí kí ọjà tìẹ lè tà, lọ sọ òótọ́ fáráyé nígbà tó o ṣì lẹ́nu. Ṣadé ló jókòó sẹ́yìn yẹn, tẹ́nikẹ́ni ò jókòó tì. Ara rẹ̀ le. Ẹ sún mọ́ ọn.

Ṣadé, ọmọ mi, jọ̀ọ́, dárí jì wọ́n. Mo mọ̀ pé kò lè yọ wọ́n níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni, wọ́n sì ní kí n bá àwọn bẹ̀ ọ́.